Híítà wo ló máa tètè mú balùwẹ̀ móoru?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba níbí, ẹ mọ irú òtútù tí mò ń sọ. Kì í ṣe ti ìta o, ti balùwẹ̀ ni. Pálọ̀ lè móoru dáadáa, ara èèyàn á balẹ̀, àfi kẹ́ ẹ bọ́ṣọ tán láàárọ̀ January kẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ lé táìlì, ẹsẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sókè fúnra ẹ̀. Ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń sáré wọ orí fóònù lọ wá híítà, ibẹ̀ náà lọ̀rọ̀ sì ti máa ń dojú rú, torí ẹ máa rí oríṣiríṣi tí gbogbo wọn ń pariwo pé àwọn ń tètè gbóná, àwọn ò jẹná, àwọn dáa fún balùwẹ̀, ọ̀kan £20, ọ̀kan £200, obìnrin kan tó wé tówẹ̀lì mọ́rí tó ń rẹ́rìn-ín sì wà lára páálí gbogbo wọn. Híítà tó ń mú yàrá gbóná ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti omi, kì í sì ṣe ring tí wọ́n ń kì bọ báákẹ́ẹ̀tì nílé.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Híítà iná, ì báà jẹ́ oní-fáànù, ì báà jẹ́ elépo, ì báà jẹ́ èyí tó ń pọ́n yòò lára ògiri, gbogbo iná tó bá wọnú ẹ̀ ló ń di ooru. Gbogbo ẹ̀ pátá. Kò sí èyí tó gbọ́n ju èkejì lọ ní ti ìyẹn. Èyí tí wọ́n kọ 2000 wọ́ọ̀tì sí tẹ́ ẹ rà ní £25 àti èyí tí wọ́n kọ 2000 wọ́ọ̀tì sí tẹ́ ẹ rà ní £180, tẹ́ ẹ bá tan àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún wákàtí kan láìjẹ́ pé wọ́n sinmi, yúnìtì méjì géérégé ni kálukú wọn máa jẹ, iye ooru kan náà ni wọ́n dẹ̀ máa gbé jáde. Owó tó lé yẹn lè jẹ́ ti ariwo tí ò pọ̀, táímà, rímóòtù, ara tó dán, tàbí pé wọ́n ṣe é kí omi má lè wọnú ẹ̀. Nǹkan gidi wà nínú wọn o, pàápàá ti omi yẹn, a ṣì máa dé ibẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ooru lẹ sanwó ẹ̀. Nítorí náà ọlọ́jà tó bá ní tòun ń fi ìdajì iná ṣe ooru tó ju ti ẹlòmíì lọ, ẹ yáa kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀.

Àwọn tí mo ń bínú sí jù ni àwọn kékeré yẹn tí wọ́n máa ń kì bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà, tí ò ní wáyà, tó bá ti di October báyìí ìpolówó wọn ò ní jẹ́ kéèyàn gbádùn Facebook. Wọ́n á ní ó ń mú gbogbo ilé gbóná, ìlú kan báyìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ṣe é, àwọn iléeṣẹ́ iná ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, 400 wọ́ọ̀tì lẹ máa rí níbẹ̀. Òótọ́ ni pé kì í jẹ iná, ìdá márùn-ún iná tí 2000 ń jẹ ló ń jẹ, ìdá márùn-ún ooru náà ló sì ń mú wá. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí ohun tí mò ń sọ. Ká ní balùwẹ̀ yín fẹ̀ ní mítà méjì, ó gùn ní méjì ààbọ̀, òkè ẹ̀ dé 2.4, bí ti ọ̀pọ̀ flat ṣe rí nìyẹn. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jẹ́ lítà 12,000, tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n á tó kílò 14, bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ náà ní ìwúwo. Láti gbé afẹ́fẹ́ yẹn láti 13 degree dé 23, híítà 2000 wọ́ọ̀tì ò nílò ju ìṣẹ́jú kan lé díẹ̀ lọ. Lórí ìwé nìyẹn ṣá o. Tó bá dé inú balùwẹ̀ gangan, táìlì wà níbẹ̀, bááfù wà níbẹ̀, dígí, ògiri tó kọjú síta, gbogbo wọn ti fi gbogbo òru tutù, àwọn náà fẹ́ gba tiwọn nínú ooru yẹn kó tó kan yín. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú kan orí ìwé fi máa ń di márùn-ún sí mẹ́wàá. Tó bá wá jẹ́ 400 wọ́ọ̀tì lẹ gbé síbẹ̀, lọ́jọ́ tí òtútù bá mú gan-an, ohun tó bá mú wá náà ni ògiri àti fèrèsé á máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ lè tàn án títí dọ̀la.

Àwọn oníṣẹ́ máa ń fi 100 wọ́ọ̀tì ṣírò mítà onígun mẹ́rin kan, tó fi jẹ́ pé balùwẹ̀ tí mo júwe yẹn, 500 péré ni wọ́n máa sọ pé ó nílò. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ti pé kí ibi tó ti móoru tẹ́lẹ̀ máa móoru lọ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ kó gbóná kíákíá nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2000 ni kẹ́ ẹ fojú sí, kì í ṣe torí pé balùwẹ̀ tóbi, torí pé ẹ ò ráyè dúró ni. 3000 náà wà, àmọ́ fún balùwẹ̀ kékeré àpọ̀jù ni, òun dẹ̀ ni ibi tí fíúùsì 13 amp ti pin, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa tì í débẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé 2000 ni 2000, kí ló wá yàtọ̀ nínú kí ó jẹ́ oní-fáànù tàbí elépo? Ibi tí ooru yẹn kọ́kọ́ ń lọ ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ yíyan híítà balùwẹ̀, ibẹ̀ ló wà, ọlọ́jà dẹ̀ kì í sọ ọ́.

Oní-fáànù, afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ ń mú gbóná. Wáyà tó pọ́n tàbí ceramic kan wà nínú ẹ̀, fáànù á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ara ẹ̀ kọjá. Ẹ ò ní dúró kí ara híítà kọ́kọ́ gbóná, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ atẹ́gùn gbígbóná ti ń jáde. Èyí tí wọ́n ṣe fún balùwẹ̀, òkè ògiri ni wọ́n ń kàn án mọ́, ẹnu ẹ̀ á wà nísàlẹ̀, á máa fẹ́ ooru wálẹ̀, ìyẹn dẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an torí ooru ò fẹ́ràn ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ òkè àjà ló ń lọ, kí ẹsẹ̀ yín ṣì máa gbọ̀n kí òkè orí yín máa làágùn. Fáànù ló ń fipá mú un wálẹ̀. Wàhálà ẹ̀ ni pé ó máa ń pariwo, ìkejì ni pé tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sára tómi ṣì wà, kódà atẹ́gùn tó móoru, òtútù lèèyàn kọ́kọ́ máa ń gbọ́, torí omi ara ń gbẹ lọ, bó ṣe ń gbẹ ló ń gba ooru ara lọ. Nítorí náà kí wọ́n má kàn án sí ibi tó ti máa kọjú sí yín gbọnrangandan nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde nínú ṣáwà. Kó fẹ́ sí àárín ilẹ̀. Kẹ́ ẹ tàn án ṣáájú kẹ́ ẹ tó wọlé, tẹ́ ẹ bá ti wẹ̀ tán, ẹ lè pa á.

Èyí tó ń pọ́n, infrared ni wọ́n ń pè é, ọ̀pá dígí quartz kan tàbí méjì ló máa ń wà nínú ẹ̀, á máa pọ́n yòò. Ìyẹn ò bìkítà fún afẹ́fẹ́, ara èèyàn ló ń lọ bá tààrà. Bí oòrùn àárọ̀ ọyẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá dúró síbi tó ń ràn sí ara yín á móoru, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tó yí yín ká ṣì tutù. Kí ni àǹfààní ẹ̀? Kò sí ìdúró rárá, ẹ fa okùn, ó pọ́n, ara gbọ́ ọ. Èyí tí ò ju 1200 wọ́ọ̀tì lọ pàápàá máa ń tẹ́ èèyàn lọ́rùn. Àléébù ẹ̀ náà ò fara sin: ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i ló ń gbóná, ẹ̀yìn yín á ṣì tutù, ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá dẹ̀ pa á ni ooru lọ, torí kò mú yàrá gbóná púpọ̀.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá mú nínú àwọn méjèèjì? Tí balùwẹ̀ bá kéré, tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé bá ń tì dáadáa, oní-fáànù ti òkè ògiri ni mo máa mú, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì, torí gbogbo inú yàrá ló máa móoru, títí kan tówẹ̀lì tẹ́ ẹ fi kọ́. Tó bá jẹ́ balùwẹ̀ ńlá, bí irú àwọn ilé àtijọ́ tí àjà wọn ga fíofío tí fèrèsé ń jò, tẹ́ ẹ bá ń mú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbóná ẹ kàn ń fowó ṣòfò ni, infrared ni kẹ́ ẹ kàn síbi tẹ́ ẹ ti máa ń nura. Ẹni tó jẹ́ pé ṣáwà ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa ń wẹ̀ kó tó sáré lọ síbi iṣẹ́, infrared náà ló bá a mu.

Ìyókù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Elépo, ìyẹn èyí tó ní ọ̀wọ́ irin tí epo wà nínú ẹ̀, epo yẹn ló kọ́kọ́ ń gbóná, lẹ́yìn náà irin, lẹ́yìn náà yàrá, ẹ ti wẹ̀ tán ẹ ti dé bọ́ọ̀sì kó tó ṣiṣẹ́, yàrá ìbùsùn ló dáa fún. Convector, ìyẹn èyí tí ooru kàn ń gòkè fúnra ẹ̀ láìsí fáànù, òkè àjà ló ń mú gbóná. Irin tí wọ́n ń fi tówẹ̀lì há, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dé 300 wọ́ọ̀tì, tówẹ̀lì ló wà fún, ẹ má retí pé á mú yàrá móoru. Páńẹ́ẹ̀lì infrared tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí àwọn kan dà bíi dígí ìwojú, kì í pọ́n, ó máa ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó gbóná, ó dáa fún ẹni tó máa ń pẹ́ nínú balùwẹ̀, èyí tó jẹ́ dígí náà kì í jẹ́ kí ooru omi bò ó lójú, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe kíákíá. Èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ táìlì ni ìgbádùn tó ga jù, ẹsẹ̀ á mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń gbà tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kẹ́ ẹ fi táímà sí i kó ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jí, ẹ ò dẹ̀ lè ṣe é láìhú ilẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi, èyí ò ní eré nínú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan fi àwòrán híítà méjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní, "Àbúrò, ẹ̀yìn èyí kọ IP20, ẹ̀yìn èyí kọ IP24, wọ́ọ̀tì wọn dọ́gba. Ṣé torí mẹ́rin yìí ni wọ́n ṣe fi £40 lé e?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́rin yẹn ni omi." Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn IP, ti nǹkan líle ni, bóyá ìka lè wọ ibi tí iná wà, bóyá eruku lè wọ̀ ọ́. Ìkejì ni ti omi. 0 túmọ̀ sí pé kò dáàbò bo ara ẹ̀ lọ́wọ́ omi rárá. 1, omi tó kán lé e látòkè nìkan ló lè gbà. 4, kí omi ta sí i láti ibikíbi, kò sí wàhálà. Tẹ́ ẹ bá rí IPX4, X yẹn kì í ṣe òdo, wọn ò kàn sọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni. 4 ni kẹ́ ẹ máa wá nílé ìtajà. Tí kò bá sí IP kankan lẹ́yìn ẹ̀, ẹ gbà pé kì í ṣe ti balùwẹ̀, kódà kí wọ́n ya bááfù sára páálí ẹ̀.

Ìdí tí mẹ́rin fi ṣe pàtàkì ni pé òfin wáyà níbí, BS 7671, pín balùwẹ̀ sí zone. Inú bááfù tàbí ilẹ̀ ṣáwà fúnra ẹ̀ ni zone 0. Òkè ẹ̀ tààrà, láti ibẹ̀ lọ títí dé mítà 2.25 láti ilẹ̀, zone 1 ni. Ẹ wá fi 60 sẹ̀ǹtímítà kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, zone 2 nìyẹn. Ohun tó bá wà ní zone 1 tàbí 2 gbọ́dọ̀ ní mẹ́rin yẹn ó kéré tán. Tó bá ti jìnnà ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, òfin ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, ṣùgbọ́n balùwẹ̀ mélòó ló fẹ̀ débẹ̀? Èmi ò ní kan híítà sí òkè bááfù rárá, kódà kí ìwé ẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe. Ẹ wá ògiri tó jìnnà sí omi jù, lókè, níbi tọ́wọ́ tó lómi ò lè dé, okùn lẹ máa fi tan án. Àwọn tó kọ́ ilé níbí ò ya wèrè tí wọ́n fi ń fi okùn tan iná balùwẹ̀.

Ìdí náà nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi rí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì gidi nínú balùwẹ̀ nílùú ọba. Òfin ní ó gbọ́dọ̀ fi mítà méjì ààbọ̀ jìnnà sí zone 1, ibẹ̀ yẹn ti sábà máa ń jẹ́ ìta ilẹ̀kùn. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré oníhò méjì tẹ́ ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ti ìfárùngbọ̀n nìkan ni, iná tó lè gbé ò tó nǹkan kan, ẹ má lọ ra adaptor kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ fi híítà sí i.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe. A máa fa extension láti yàrá, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, a máa gbé híítà lé orí ìdérí ṣáláńgá, a máa wẹ̀, Ọlọ́run á ṣọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ara tó tutù kì í dí iná lọ́wọ́ bí ara gbígbẹ, ẹsẹ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tutù, ọwọ́ wà lára tẹ́ẹ̀pù irin, kí híítà yẹn ṣèèṣì yí ṣubú sómi báyìí, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi dánwò. IPX4 tó wà lẹ́yìn híítà ò ní gba extension sílẹ̀ o, orí extension lọ̀rọ̀ wà. Yàtọ̀ sí ti omi, híítà 2000 wọ́ọ̀tì ń fa bí 9 amp, extension tí wọ́n ká jọ sínú róòlù, 5 amp lọ̀pọ̀ nínú wọn lè gbé tí wọn ò bá tú u tán, wáyà yẹn á máa gbóná níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti rí i.

Ibi tí mo ti máa ń rí i jù ni ilé tí wọ́n ti bímọ, tí màmá ti wá láti ilé wá wẹ ọmọ. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ níbílẹ̀, màmá á jókòó lórí àpótí, á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ sí i, á fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, á fi òróró pa á, á nà án lápá á nà án lẹ́sẹ̀, á jù ú sókè, kì í ṣe nǹkan ìṣẹ́jú méjì. Ọmọ tuntun tí ara ẹ̀ tutù dẹ̀ ń tètè gba òtútù ju àgbà lọ. Ni wọ́n á bá lọ gbé híítà wá. Ìmọ̀ràn tèmi ni kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ bá ooru, ẹ má gbé iná lọ bá omi. Yàrá ìbùsùn ní ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó bófin mu. Ẹ tan elépo yẹn síbẹ̀ ní ìdajì wákàtí ṣáájú, níhìn-ín ló ti wúlò, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ gbé bááfù ọmọ tàbí abọ́ ńlá wá, kí híítà jìnnà sí màmá ju mítà kan lọ, kí wáyà má gba ibi tí wọ́n máa rìn kọjá, ẹ tẹ́ rọ́bà sílẹ̀ kí kápẹ́ẹ̀tì láńdílọ́ọ̀dù má bàa jẹ́ ìjà. Màmá lè ráhùn pé kì í ṣe inú yàrá lèèyàn ti ń da omi, ẹ bẹ̀ wọ́n.

Ẹni tó ń gbé ilé rẹ́ǹtì, tí láńdílọ́ọ̀dù ò gbà kí wọ́n kan nǹkan mọ́ ògiri, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ gbé oní-fáànù sí kọ́rídọ̀, kó dúró síbẹ̀, wáyà ẹ̀ nínú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́rídọ̀ tààrà, kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀ kó fẹ́ wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ wọlé, kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn. Kò dáa tó ti ògiri, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo rédíétọ̀ tó wà níbẹ̀ náà, bóyá afẹ́fẹ́ ló há sókè ẹ̀ tí ìsàlẹ̀ fi gbóná tí òkè tutù, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan báyìí ni wọ́n fi ń tú u jáde. Yúnìtì gáàsì ò dé ìdá mẹ́ta owó yúnìtì iná, tí rédíétọ̀ bá lè ṣe é, kí ni ẹ tún ń wá híítà ṣe.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fura sí, fáànù tó ń fa ooru omi jáde. Èyí tó bá bófin mu ń fa lítà 15 níṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ rántí lítà 12,000 àkọ́kọ́ yẹn, láàárín ìṣẹ́jú 13 péré ó lè ti fa iye afẹ́fẹ́ gbogbo balùwẹ̀ yẹn síta, òtútù kọ́rídọ̀ á dẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé dípò ẹ̀. Lọ́pọ̀ ilé, iná balùwẹ̀ ló ń tan fáànù yẹn, kẹ́ ẹ ti tan gílóòbù báyìí òun náà ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí híítà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ẹ tan híítà nìkan, ẹ má tan gílóòbù, ẹ tilẹ̀kùn, ẹ lọ fọ ẹnu níbòmíì tàbí kẹ́ ẹ lọ wá aṣọ. Lẹ́yìn ìwẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ má pa ìyẹn o, tẹ́ ẹ bá pa á ògiri máa bu dúdú dúdú, láńdílọ́ọ̀dù á ní ẹ̀yin lẹ fà á.

Ó kan owó. Ká fi yúnìtì kan sí 25 pẹ́ńsì, iye gidi wà lórí bíìlì yín. Híítà 2000 fún ìṣẹ́jú 15 jẹ́ ìdajì yúnìtì, pẹ́ńsì 12 ààbọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, £7.50. Ẹni tó gbé elépo 1500 síbẹ̀ tó ní láti tàn án fún odidi wákàtí kí balùwẹ̀ tó móoru, pẹ́ńsì 37 ààbọ̀ ló fi wẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ rí i pé wọ́ọ̀tì tó kéré kọ́ ló ń dín owó kù, ìṣẹ́jú ni. Tí ẹ bá pọ̀ nílé, ẹ tẹ̀lé ara yín wọlé, ẹni àkọ́kọ́ ló ń san owó ògiri àti táìlì, àwọn tó bọ̀ lẹ́yìn á kàn wọlé jẹ̀gbádùn ni. Ibi tí owó ti ń lọ gan-an ni ìgbàgbé. Èyí tẹ́ ẹ tàn ní aago 11 alẹ́ tẹ́ ẹ ò rántí pa, tó di aago mẹ́fà àárọ̀, tí thermostat ò bá dá a dúró, yúnìtì 14 ti lọ, £3.50 nìyẹn, ẹni tó ń lo mítà tí wọ́n ń ki owó sí máa jí bá òkùnkùn. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn sìwíìṣì táímà tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, á pa ara ẹ̀. Ju rímóòtù lọ, ju Wi-Fi lọ, ìyẹn ni kẹ́ ẹ sanwó lé.

Ẹni tó máa kan híítà mọ́ ògiri, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ bùrọ̀dá tó mọ gbogbo iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Híítà yìí ò ní pọ́lọ̀ọ̀gì, inú ògiri ni wáyà ẹ̀ ń gbà lọ sínú àpótí kékeré tó ní fíúùsì, ó dẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ RCD 30 milliamp, òun ló máa gé iná kíákíá tí iná bá fẹ́ gba ara èèyàn kọjá. Àwọn ilé àtijọ́ kan tí fíúùsì wọn ṣì jẹ́ ti wáyà ò ní in rárá, ẹ bi oníná kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ní England, Part P nínú òfin ilé kíkọ́ fẹ́ kí wọ́n fi púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí tó council létí, àmọ́ tí oníná bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NICEIC tàbí NAPIT, ìyẹn àwọn àjọ tó ń forúkọ oníná sílẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa ṣe ìyẹn, á fún yín ní sàtífíkéètì, ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tó dáa, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ilé lọ́yà á bi yín.

Tí òtútù bá tún padà dé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ pa iná ẹ̀ látibi àpótí fíúùsì yẹn kẹ́ ẹ tó tàn án nígbà àkọ́kọ́, ẹ fi hóòfà fa eruku ẹnu ẹ̀ kúrò. Tẹ́ ẹ bá tàn án tó ń rùn bí eruku tó ń jó fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta tó sì lọ, kò sí nǹkan kan. Tó bá jẹ́ rọ́bà ló ń rùn, tàbí tí okùn tẹ́ ẹ fà bá ń dún ṣààṣàà lókè, ẹ pa á, ẹ pe oníná.